Ìgò méjì tí mo gbé láti ọsibítù

Bàbá Ìbejì ń wa ọkọ̀ èrò láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Àwọn èrò ọkọ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, kó tó kan èmi ìyàwó rẹ̀. Kí wọ́n tó dé Bọ́lọ́rundúró, á ti dúró lọ tọ̀. Kí wọ́n tó wọ Oǹdó, á tún dúró. Ọmọ tó ń bá a gba owó ọkọ̀ ló wá sọ fún mi ní ìsọ̀ èlùbọ́ mi ní Ọjà Ọba. Lóru ọjọ́ yẹn mo fetí sílẹ̀: ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló dìde, ìtọ̀ náà sì ń kán tó, tó, nínú póò.

Ó ní ọjọ́ orí ni, ẹni ọdún 58. Ó tó oṣù méjì kó tó gbà láti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA, tí wọ́n fi ń wo bí prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin kan, ṣe wà. Ó sì dá lọ. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn títí dòní. Èsì jáde ní 14. Ẹni tó fún un ní ìwé, tí kì í ṣe dókítà, là á mọ́lẹ̀ fún un lórí ìdúró: "Bàbá, jẹjẹrẹ lèyí o." Ó dé ilé, kò jẹun, kò sọ nǹkan kan. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti rí ìwé náà ní ọjọ́ kẹta.

Láti ìgbà yẹn, ibi tó bá lọ ni mò ń bá a lọ.

Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní prostate tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ máa ń tóbi bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ìyẹn nìkan sì lè gbé PSA kọjá 4 tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe òdiwọ̀n, láìsí jẹjẹrẹ kankan. Kòkòrò nínú ìtọ̀ náà lè gbé e sókè. Ó bi wá bóyá a sùn pọ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀, èmi ni mo dáhùn. Wọ́n rí kòkòrò nínú ìtọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Ó lo oògùn, a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: 11. Wọ́n ní biopsy ló kù, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sáré wá sí Òkè Àró nílé wa: "Ìyàwó, bí irin bá kan nǹkan yẹn, á tàn ká o!" Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo padà lọ bi dókítà. Ó ní ojoojúmọ́ làwọn ń gbọ́ ọ, pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń tàn án ká, ohun tí a ò bá sì mọ̀, a ò lè tọ́jú rẹ̀. Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni mo fi san án.

Ibi méjìlá ni wọ́n ti mú ẹran. Wọ́n kó o sínú ìgò méjì tó ní oògùn, ọ̀tún àti òsì, wọ́n ní kí èmi fúnra mi gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan tó dúró, mi ò gùn ún. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, mo gbá ìgò náà mọ́ àyà bí ìkókó.

Wọ́n ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ á hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, pé ibà ni kí n máa ṣọ́, bí ara rẹ̀ bá gbóná kí a padà wá kíákíá. Orí rẹ̀ ni ọwọ́ mi ń sùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní èsì máa gbà. Ọjọ́ 26 ló gbà. Láàárín rẹ̀ mo sọ fún ẹgbẹ́ àdúrà wa láìbi í, ó sì bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀bi mi ni. Ara tirẹ̀ ni, òun ló yẹ kó pinnu ẹni tó máa gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ èsì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ wọlé ṣáájú." Kò sí jẹjẹrẹ nínú gbogbo èyí tí wọ́n mú. Prostate ló tóbi. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kí a tún yẹ PSA wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Mo kọ ọjọ́ àyẹ̀wò tó ń bọ̀ náà sára kàlẹ́ńdà ògiri. Nígbà tí mo jí lówùúrọ̀, mo rí i pé ó ti fi bírò pupa yí i ká.