Ewúrẹ́ tuntun láti ọjà: báwo ni a ṣe ń mú un wọ agbo, ṣé èèpo ẹ̀gẹ́ ò ní pa á?

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Oko béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùsìn ẹran. Ewúrẹ́ mẹ́rin ló wà nílé mi lábúlé, ìbílẹ̀ kúkúrú ni gbogbo wọn, àwọn àti adìẹ ìbílẹ̀ ló jọ ń jẹ kiri àgbàlá. Mo fẹ́ fi abo mẹ́ta àti òbúkọ kan kún wọn kí ọyẹ́ tó dé, ọjà ọrọọrún ni màá sì ti rà wọ́n. Ọjọ́ mélòó ni kí àlejò fi dá wà kó tó bá àwọn onílé pàdé? Abẹ́rẹ́ wo ni kí n fún wọn, ìgbà wo sì ni? Lẹ́yìn náà, wọ́n ń yan gàrí nílé wa, èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn kan ní oúnjẹ ewúrẹ́ ni, àwọn kan ní májèlé ni. Ta ni ká gbọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ran fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá àgbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti orí rírà bẹ̀rẹ̀ ná, torí ọjà gan-an ni àrùn ti ń bá ẹran wálé. Ewúrẹ́ tí ẹ rí lọ́jà lónìí lè ti na ọjà méjì mẹ́ta kó tó kàn yín, ó sì ti bá ẹran ẹlẹ́ran fimú kanmú ní gbogbo ibẹ̀. Bí ẹ bá mọ ilé tí wọ́n ti ń sìn ín, tí ẹ lè rí ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti rà á, kódà bó wọ́n jù díẹ̀.

Bó bá di ti ọjà náà, ẹ má wo sísanra nìkan. Ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ dá máa ń jáde ní kóró-kóró. Bí ó bá rọ̀, tó lẹ̀ mọ́ ìdí àti itan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kí ikun má sí nímú, kí ipin má sí lójú. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa. Bó bá ti funfun, aràn ti ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ la ẹnu rẹ̀ kí ẹ ka eyín iwájú nísàlẹ̀ (ewúrẹ́ kì í ní eyín iwájú lókè, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ogbó ló kó o lọ). Bí eyín ńlá méjì bá ti hù láàárín, ó ti lé lọ́dún kan. Mẹ́rin, á tó bí ọdún méjì. Mẹ́fà, bíi mẹ́ta. Tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá pé, ó ti tó bí ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo tí ẹ fẹ́ fi bímọ, eyín méjì sí mẹ́rin ni kí ẹ wá. Ẹ tẹ ọmú rẹ̀ wò: kó rọ̀, kí apá méjèèjì dọ́gba. Èyí tí apá kan rẹ̀ le gbagidi ti ní àrùn ọmú rí, tó bá sì bí ìbejì, ọ̀kan lè má rí wàrà tó.

Ní ti òbúkọ, ẹ má jẹ́ kí òbúkọ gíga pupa ti òkè Ọya wọ̀ yín lójú. Ẹran kúkúrú tiwa máa ń fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ti òkè Ọya kì í fara dà á bẹ́ẹ̀ nínú igbó tiwa. Yàtọ̀ síyẹn, ọmọ òbúkọ ńlá lè tóbi ju ibi tí ìdí abo kékeré gbà lọ, kó há nígbà ìbímọ, kí ìyá àtọmọ bá a lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kí àlejò fi dá wà, ọjọ́ 21. Mi ò sọ pé kí ẹ so ó mọ́ igun kan nínú ọgbà kan náà o. Ibi tí imú ò ti lè kan imú ni, ogún ìgbésẹ̀ síra ó kéré tán, kó sì jẹ́ apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Kó ní garawa omi tirẹ̀ àti igbá oúnjẹ tirẹ̀. Àwọn onílé ni ẹ ó kọ́kọ́ bọ́, àlejò ni yóò gbẹ̀yìn, kí ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti bàtà. Lọ́jọ́ tó bá dé, omi, ewé àti koríko nìkan. Kò sí èèpo, kò sí àgbàdo. Ẹran tí ebi ti pa lọ́nà á jẹ àjẹjù, ikùn á sì wú.

Dókítà Ẹran Abúlé fèsì:

Ìyá ti sọ ojú abẹ níkòó. Ìdí ọjọ́ 21 náà nìyí.

Àrùn tó ń gbá ewúrẹ́ lọ lásìkò ọyẹ́ ni èyí tí gbogbo wa ń pè ní kata, tí ìwé ń pè ní PPR. Àwọn èèyàn máa ń ní òtútù ọyẹ́ ló pa ẹran àwọn, ṣùgbọ́n kòkòrò àìrí ni. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń kó ẹran kiri jù nítorí ọdún, ẹran sì máa ń fún mọ́ ara wọn nínú ọkọ̀ àti lọ́jà. Èémí àti ikun imú ni kata fi ń ràn. Lẹ́yìn tó bá wọ ara, ó sábà máa ń tó ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó fara hàn, nígbà mìíràn ó máa ń tó mẹ́wàá. Èyí tí ẹ rà lónìí tó ń fò sókè lè ti gbé e dání. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa ń jẹ́ kó ti hàn síta, pẹ̀lú àlékún ọjọ́ díẹ̀ nítorí ohun tí ojú kò tètè rí.

Ara gbígbóná ló ń kọ́kọ́ dé, tó máa ń lé ní 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Omi á máa dà nímú, á wá ki, á dí ihò imú. Ojú á lẹ̀ pọ̀. Egbò á yọ sí èrìgì àti abẹ́ ahọ́n, ẹnu á máa rùn, ẹran ò ní lè jẹun. Ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ikọ́ àti mímí gúlegúle. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá kú máa ń kú láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá tí ibà bá ti bẹ̀rẹ̀. Àgùntàn náà máa ń kó o. Kì í ran èèyàn, kì í sì í ran adìẹ.

Kò sí oògùn tó ń pa kata. Oògùn apakòkòrò oxytetracycline tí wọ́n ń gún, kòkòrò mìíràn tó ń bá a wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà (omi lítà kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tó dọ́gba, ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀) ló ń dá omi padà sára ẹran tó ń ṣu, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ẹ fi omi iyọ̀ nu egbò ẹnu. Tí kata bá sì ti wọlé, ẹ má sáré kó èyí tó kù lọ sọ́jà. Bó ṣe ń dé abúlé kejì nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ọ̀nà. Iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba, NVRI, tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é nílẹ̀ yìí. Ara ewúrẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n sọ di aláìlágbára fún un lọ́dún 1975, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Nigeria 75/1, òun sì ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé) àti WOAH (àjọ ìlera ẹran lágbàáyé) ti fi 2030 ṣe ọdún tí wọ́n fẹ́ kí kata ti tán láyé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá gún un dáadáa, ó ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Mílílítà kan ni, abẹ́ awọ, lẹ́yìn èjìká. Ọmọ tí wọ́n ti gún ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́rin, torí ààbò tó mu nínú wàrà ìyá lè sọ abẹ́rẹ́ náà di asán.

Ooru ló máa ń bà á jẹ́. Àtíkè gbígbẹ ló wà nínú ìgò, inú kúlà tí yìnyín wà ni ó gbọ́dọ̀ wà títí dé àgbàlá yín. Tí wọ́n bá ti pò ó, kí wọ́n lò ó tán láàárín wákàtí kan sí méjì, kó sì wà lórí yìnyín síbẹ̀. Bí ẹni tó ń gún un bá fi àpò ṣòkòtò gbé e wá, omi lásán ló ń tà fún yín. Spirit kò gbọ́dọ̀ kan inú síríǹjì, ó ń pa àjẹsára. Nítorí pé ìgò kan lè tó 50 tàbí 100 ẹran, ẹ kó ara yín jọ ládùúgbò kí ẹ dá owó rẹ̀, kí wọ́n sì gún gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ló dáa. Ti àwọn onílé, ẹ gún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó lọ ra àlejò. Ti àlejò, bí ara rẹ̀ bá dá lójú yín, ọjọ́ tó bá dé ni. Tó bá ń sín, tó ń kọ́, ẹ dúró ná.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Oko:

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin àgbà. Aládùúgbò kan ní kí n máa fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti jóná pa àlejò lára nítorí ara yíyún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kò tíì sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí èèpo o.

Ọ̀gá Ilé Gàrí fèsì:

Oúnjẹ ni, májèlé ni. Bí ẹ bá ṣe ṣe é ló máa pinnu.

Inú èèpo ni májèlé tó ń jẹ́ sáyánáìdì pọ̀ sí ju inú iṣu ẹ̀gẹ́ lọ, ti ẹ̀gẹ́ kíkorò ló sì burú jù. Ewúrẹ́ tó bá jẹ èèpo tútù rẹpẹtẹ lórí ebi lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, kó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kó ṣubú, kó kú kí ẹ tó rẹ́ni pè. Àwọn tó ń sọ pé "ẹran wa ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà yìí wá" ń sọ òótọ́ dé ìwọ̀n kan: ẹran tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, lẹ́yìn tó ti jẹ ewé yó, lè rí i bá yí. Àlejò tí kò jẹ ẹ́ rí ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Oòrùn ló ń lé májèlé náà jáde. Ẹ tẹ́ èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí sìmẹ́ńtì tàbí tapólì, kì í ṣe sórí ilẹ̀ lásán, kí yanrìn má bà á wọ inú ẹran. Ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta oòrùn gidi ni. Ó gbẹ nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ tó dún. Nígbà òjò, kò ní gbẹ, á bu. Èyí tó bu dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, ẹ dà á sí ààtàn, ẹ má ṣe sọ pé ewúrẹ́ á ṣà á jẹ. Oró tó wà nínú ìbu máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Àwọn ará ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn lágbàáyé, ní Ìbàdàn ti fi ọ̀nà tó yá hàn, ilé tí wọ́n ti ń ṣe gàrí kò sì ní ṣàìní irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fọ èèpo tuntun, ẹ ṣa ìdí ẹ̀gẹ́ líle kúrò, ẹ lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ rọ ọ́ sápò, ẹ fi jáàkì fún un di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ tú u, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn; ọjọ́ kan ti tó, bí kò bá sì sí oòrùn, ẹ yan án nínú agbada. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù máa ń di bíi tọ́ọ̀nù kan. Omi tó ń jò lábẹ́ jáàkì, ẹ gbẹ́ kòtò fún un jìnnà sí ibi tí ẹran ti ń mu omi, torí inú rẹ̀ ni májèlé náà ń bá lọ.

Èèpo ń fún ẹran lágbára, kì í mú ẹran dàgbà. Ewúrẹ́ tó wúwo tó 20 kg, 300 giramu gbígbẹ lóòjọ́ ti tó, kí ewé gba ibi tó kù. Agúnmániyè (igi tí ìwé ń pè ní Gliricidia) ni mo fẹ́ràn jù, ẹ gbìn ín yí ọgbà ká: igi gígùn tó mítà kan àbọ̀, níbẹ̀rẹ̀ òjò, kí ẹ má gé e fún ọdún kan, lẹ́yìn náà kí ẹ máa gé e lóṣù méjì sí mẹ́ta. Wọ́n á kọ òórùn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó rọ fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ tó fún wọn, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ewé ìyeyè tàbí ewé ìpín, láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á máa du ara wọn lé e.

Ìyá Ẹlẹ́ran fèsì:

Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa ẹran lára rárá. Ó ń bó awọ, ẹran á lá a, á wọ inú. Ara yíyún tó ń jẹ́ kí irun re, tí awọ ń ki sí etí àti imú, abẹ́rẹ́ ivermectin sí abẹ́ awọ ni oògùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà díwọ̀n rẹ̀ nítorí ìwúwo ẹran, kó tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ má sì pa á jẹ títí ọjọ́ tó bá wà lára ìgò fi pé. Kí gbogbo agbo gbà á lọ́jọ́ kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kàn máa ti ara ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn.

Ẹ ní adìẹ wà ní àgbàlá. Ẹ ti ilẹ̀kùn ibi tí àgbàdo àti oúnjẹ adìẹ wà dáadáa. Ewúrẹ́ tó bá wọlé síbẹ̀, tó jẹ ẹ́ yó, tó wá mu omi, inú rẹ̀ á kan, á dùbúlẹ̀, ọjọ́ kejì ẹ lè bá òkú. Ẹ má sì jẹ́ kí adìẹ sùn lórí igbá oúnjẹ ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kì í jẹ ohun tí ìgbẹ́ bá ti kàn, ẹ ó kàn máa fi èèpo yín ṣòfò ni. Ẹ gbé igbá náà sókè dé ọrùn wọn, kí ẹ fi igi dábùú ojú rẹ̀, orí nìkan ni kó lè wọlé, kí ẹsẹ̀ má wọ̀ ọ́.

Bí ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn ẹran kan bá wú gbandu, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sórí ibi gíga, ẹ da òróró bíi 50 mílílítà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má gba ọ̀nà ọ̀fun èémí, kí ẹ máa fọwọ́ ra òsì rẹ̀ títí yóò fi gùnfẹ̀. Tí wákàtí kan bá kọjá tí kò gùnfẹ̀, ẹ pe dókítà.

Dókítà Ẹran Abúlé fèsì:

Mo fara mọ́ ìyá, àfi ibì kan. Bí wíwú náà bá jẹ́ ti àgbàdo, òróró kò ní ṣe nǹkan kan fún un, torí omi kíkan ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ìhó. Ẹ po ṣíbí tíì baking soda méjì mọ́ omi ìdajì lítà, ẹ dà á fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ fún un ní koríko gbígbẹ nìkan fún ọjọ́ méjì. Ti ewé tútù ni òróró wúlò fún.