Tíṣà lọ́sàn-án, aláwàdà lóru: ẹ̀yin tó wà lókè òkun, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Tíṣà_Òkèèrè
Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ará. Japan ni mo wà, ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Igbákejì tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ náà kò ju kí n dúró níwájú kíláàsì, kí tíṣà wọn nawọ́ sí mi, kí n ka gbólóhùn kan, kí àwọn ọmọ kà á tẹ̀ lé mi, kí n tún dákẹ́. Àwa tí a ń ṣe é máa ń pe ara wa ní kásẹ́ẹ̀tì tó ń mí. Owó ń wọlé, ẹnikẹ́ni ò bú mi, ṣùgbọ́n tí mo bá délé, ṣe ni ó máa ń dà bíi pé mi ò la ẹnu látàárọ̀. Ìyẹn ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ podcast àwàdà, ètò ọ̀rọ̀ sísọ tí èèyàn ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wákàtí 8 ni Japan fi ṣáájú. Tó bá di agogo 7 alẹ́ tí òun jókòó dáadáa, agogo 3 òru ti lù lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa méjèèjì pọ̀, ẹ wá sọ tiyín.

Kò_Sùn_Mọ́
Èmi ò pa á pọ̀. Òun ló ń pa mí.

Ìyá_Kíláàsì
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Físíìsì ni mò ń kọ́ wọn ní England. Mo fẹ́ràn físíìsì o, àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí a máa ń kọ lẹ́yìn rẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn. Èèyàn á kọ́ ẹ̀kọ́ wákàtí kan, á sì fi wákàtí méjì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni podcast tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan ni, mi ò dárúkọ ara mi, mo kàn máa ń sín ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ jẹ, pàápàá ọ̀gá kan tó gbọ́dọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Àfi lọ́jọ́ kan tí ọmọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn kíláàsì, ó kí mi gẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń kí àwọn olùgbọ́ mi. Ohùn mi, ìmísí mi, gbogbo ẹ̀ pátá! Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun ti gbọ́ ọ, pé ó dùn, pé ta wá ni ọ̀gá tó máa ń wúkọ́ yẹn? Mo ní ọ̀gá mi àtijọ́ ni. Ó wò mí títí. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ó dáa, ẹ máa lọ."

Arẹ́rìn-ín_Kú
Ó WÚKỌ́ KẸ̀??? Ẹ gbà mí o, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà.

Ẹlẹ́rìí
Irọ́ ni. Ikọ́ ìkẹyìn yẹn bọ́ sí ibi tó yẹ jù.

Ìyá_Kíláàsì
@Ẹlẹ́rìí Àbúrò, aláwàdà ni mí, mi ò sí ní kóòtù.

Bàbá_Máàkì
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé ẹ máa ń fi àwọn ọmọ náà ṣàwàdà? Ọ̀gá, ẹ lè sín in jẹ, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 kò ní podcast tí yóò fi dáhùn.

Kò_Sùn_Mọ́
Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ yẹn náà kọ́ ló ń fún wa ní ọ̀rọ̀ ni? Èmi máa ń yí i padà. Ọkùnrin á di obìnrin, ìṣirò á di ìtàn.

Bàbá_Máàkì
Kò ràn án. Ẹ rò pé ọmọ náà kò ní dá ara rẹ̀ mọ̀? Ẹ sì ka àdéhùn iṣẹ́ yín, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló kọ ohun tí tíṣà lè sọ níta síbẹ̀.

Kò_Sùn_Mọ́
Ta ló ń ka àdéhùn iṣẹ́, sa?

Ìyá_Kíláàsì
Bàbá_Máàkì ló jàre. Mi ò fọwọ́ kan ọmọ kankan rí. Ọ̀gá nìkan ti tó mi.

Ọmọ_Ayé
Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ tíṣà kó ìtìjú bá yín jàre. Greg Davies, ará Britain, ṣe tíṣà fún ọdún 13 kó tó di aláwàdà. Romesh Ranganathan, aláwàdà ibẹ̀ náà, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Kíláàsì ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń mú àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ dákẹ́.

Ẹlẹ́rìí
Ilẹ̀ wọn ni àwọn yẹn wà! Bí àwàdà bá kọ̀, ta ló máa gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ wọn? Físà tèmi, lórí iṣẹ́ tíṣà ló dúró. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo fi ìlú sílẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ_Ayé
…mi ò rò ó débẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Orí_Ìjókòó
@Tíṣà_Òkèèrè, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ Japan: tí ẹ bá fi ìwé olùkọ́ wọlé, tí ẹ sì fẹ́ máa gba owó lórí ohun tí kò sí lára ìwé náà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń rí sí wíwọlé àwọn àjèjì. Ẹ má dúró di ìgbà tí ìpolówó bá ti wọlé.

Tíṣà_Òkèèrè
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ìpolówó kò tíì mọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn àbúrò ọ̀rẹ́ mi ló ń gbọ́ wa, ó sì dá mi lójú pé ó ń fi ipá mú wọn ni.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́
Podcast ti pọ̀ jù báyìí. Ó ti pẹ́ jù fún àwa tuntun.

Ọmọ_Ayé
Ọdún 2004 ni oníròyìn kan, Ben Hammersley, kọ ọ̀rọ̀ náà "podcast" sínú ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ Britain. Ní 2005, Apple kó àwọn podcast sínú iTunes, ètò orin wọn. Mo rò pé láti 2006 ni àwọn èèyàn ti ń sọ pé ó ti pẹ́ jù.

Gbohùngbohùn
Ẹ jẹ́ ká sọ ti ohùn, òun ló ń ba àwàdà jẹ́. Tí ẹ bá ń gba ohùn ara yín láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín á máa pẹ́ dé, ẹ̀fẹ̀ á ti tutù kó tó dé. Kí kálukú gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Audacity wà, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ jọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́wọ́ yẹn mú ohùn méjèèjì bá ara wọn mu. Kí ẹ sì wọ àárín aṣọ nínú wọ́dúróòbù, aṣọ máa ń gbé ìró tó ń ta padà mì.

Ẹlẹ́rìí
Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá falẹ̀, ṣé àtẹ́wọ́ náà kò ní pẹ́ dé ni?

Gbohùngbohùn
Á pẹ́ díẹ̀. Ẹ ó fi ọwọ́ sún un. Èmi a máa sún ẹ̀rín ẹnì kejì síwájú títí tí yóò fi bọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀fẹ̀ gan-an.

Ẹlẹ́rìí
Áà! Ẹ̀rín tí ẹ gbé láti ibòmíràn wá síbẹ̀? Kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn sí ẹ̀rín àgbélẹ̀rọ tí wọ́n máa ń fi sínú eré tẹlifíṣọ̀n?

Gbohùngbohùn
Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́! Ibi tó ti rín in ni mo dá a padà sí.

Arẹ́rìn-ín_Kú
Èmi fẹ́ràn ẹ̀rín àgbélẹ̀rọ o. Ó máa ń sọ fún mi pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Bàbá_Máàkì
Ẹ̀fẹ̀ tó bá nílò ẹni tó máa tọ́ka sí i, kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Kò_Sùn_Mọ́
Sa, tí mo bá yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, orin ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa kù.