Postproverbial: «òwe àtúnparí» ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó fún ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adérẹ̀mí Rájí-Oyèládé ti Yunifásítì Ìbàdàn sọ ní postproverbial nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní 1999, ìyẹn òwe àtijọ́ tí a fún ní ìparí tuntun. Ẹnì kan dábàá «lẹ́yìn-òwe», ẹlòmíràn ní «òdì òwe». Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan náà fúnra rẹ̀ ná. Àwọn àgbà ní, «Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.» Ọ̀dọ́ ìwòyí á gbà á lẹ́nu wọn: «Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ti rí i lórí fóònù.» Ìbẹ̀rẹ̀ òwe ò yingin. Ibi tí àgbà ti dánu dúró díẹ̀ ni ọmọ náà já wọ̀, ló bá gbé ìparí tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìparí ti àtijọ́ ò ní rẹ́rìn-ín, torí etí rẹ̀ ò retí ohunkóhun.

«Post» inú Gẹ̀ẹ́sì, tó túmọ̀ sí «lẹ́yìn», ló bí «lẹ́yìn-òwe». Bẹ́ẹ̀, nílé wa, a mọ ohun tó ń tẹ̀ lé òwe. Kékeré á pòwe tán níwájú àgbà, á ní «Tótó ṣe bí òwe o», àgbà á ní «Wàá rí òmíràn pa». Àyè ìtọrọ gáfárà nìyẹn. Ọmọ tó yí òwe po ò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tó sì ń dun àwọn àgbà nìyẹn.

«Òdì òwe» jọ Antisprichwort (òwe tó tako òwe) tí Wolfgang Mieder, onímọ̀ nípa òwe, ṣẹ̀dá lédè Jámánì ní 1982. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìparí tuntun ń tako ti àtijọ́. Ẹni tó ní «Ilé ọba tó jó, wáyà iná ló fà á» ò bá ẹwà tó bù sí i jà rárá.

«Òwe àtúnpa» tí ẹnì kan tún mú wá dáa jù wọ́n lọ, torí pípa là ń pa òwe. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá tún òwe bàbá rẹ̀ pa láìyí nǹkan kan padà náà ti ṣe àtúnpa. Ẹ jẹ́ ká fi «rí» kún un, kó di òwe àtúnparí. Ó tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀, kò sì gba orúkọ òwe lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún rọrùn láti lò: «Ọmọ yẹn ti tún òwe náà parí.» Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, kó gbé e wá, ṣùgbọ́n kó fi òwe méjì mẹ́ta dán an wò ná.