Eyín ò jẹ́ kí n sùn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí kànáfùrù

ỌmọMọ́níyà: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Eyín kan lẹ́yìn lápá òsì ti luhò, ojú mi ò tíì fara kan oorun látàná. Wọ́n ní kí n lo kànáfùrù, mo ti rà á ní Bódìjà, ṣé sísè ni àbí jíjẹ? Ọmọ mi ọdún méjì náà ń hu eyín, ṣé mo lè fún un? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dáhùn.

ÌyáÌbejì: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Má sè é o. Fomi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu kí oúnjẹ tó há sínú ihò yẹn jáde, wá ki ẹyọ kan síbẹ̀, rọra fi eyín tẹ̀ ẹ́ kí epo ẹ̀ jáde, ó máa ta ẹ́ díẹ̀ kí ara ibẹ̀ tó kú, má gbé e mì. Ṣó ṣì lépo nínú ṣá? Fi èékánná tẹ ìdí ẹ̀ wò, tí kò bá mú epo wá, ó ti pẹ́ nílẹ̀ nìyẹn, lọ ra òmíì lọ́wọ́ àwọn Hausa ní Sábó.

Nọ́ọ̀sìAgodi: Òótọ́ ni Mummy sọ. Èròjà kan tó ń jẹ́ eugenol nínú epo ẹ̀ ló ń pa ìrora yẹn, òun náà làwọn dókítà eyín máa ń pò mọ́ ìyẹ̀fun zinc oxide tí wọ́n fi ń dí eyín fúngbà díẹ̀. Àmọ́ ẹ má fún ọmọ yẹn rárá rárá, pàápàá epo inú ìgò, tọ́mọdé bá gbé e mì ó lè ba ẹ̀dọ̀ ẹ̀ jẹ́, ó sì lè fa gìrì. Aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sómi tútù ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa jẹ. Ẹni tó bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má fi kànáfùrù ṣeré.

AkínỌ̀jẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bíi tèmi o. Mo fi kànáfùrù tì í fún oṣù méjì, ìgbà tó yá mo wá da epo ẹ̀ sínú ihò náà gbuuru, gbogbo èrìgì mi bó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Ìgbà tí mo máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, eyín tí wọn ì bá dí, yíyọ ni wọ́n yọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

ỌmọMọ́níyà: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi ẹyọ kan síbẹ̀, ó ta mí títí omi fi bọ́ lójú mi àmọ́ ó ti ń rọlẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, ilé ìwòsàn UCH ni mò ń lọ.

ÌyáÌbejì: Tètè jáde o, kí èrò tó pọ̀.