Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ewé tàbí omidùn sin brọ́ílà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọlọ́sìn Ìbàrà: Mo kí gbogbo ọlọ́sìn adìẹ Abẹ́òkúta. Owó oògùn apakòkòrò ti fẹ́ jẹ èrè wa tán. Ta ló ti lo ewé, ayù tàbí probiotic (kòkòrò olóore tí a ń fún ẹran) dípò rẹ̀, kí ló sì rí?

Ìyá Ìbejì: Omidùn ni èmi ń lò. Bí mo bá sẹ́ ògì, tí ó silẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo máa ń bu díẹ̀ lára omi tó tòrò sókè sínú omi mímu wọn láàárọ̀. Ìgbẹ́ wọn kì í ṣàn mọ́, òórùn tó ń ta ni nímú nínú ilé adìẹ sì ti dínkù. Èyí tó bá ti hu ìbu, dídànù ni mo ń dà á.

Bàbá Kẹ́mta: Omidùn tí a fi ń rẹ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí? Ó kù kí ẹ bu ọtí díẹ̀ sí i fún wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà: Ẹ má bínú, Bàbá, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Lactobacillus, kòkòrò olóore tó ń mú kí ògì kan, wà nínú omidùn, irú rẹ̀ sì wà nínú ọ̀pọ̀ probiotic tí a ń rà. Ohun tó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni pé àwọn kan ń pò ó mọ́ omi ẹ̀rọ tó ní chlorine, tàbí kí wọ́n fún adìẹ ní tetracycline, oògùn apakòkòrò kan, lọ́jọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì lè pa kòkòrò olóore náà. Láti ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de fífi oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ ẹran nítorí kí ó lè tètè tóbi.

Ìyá Ìbejì: O ṣé, ọmọ mi. Omi kànga ni mo ń lò.

Ọlọ́sìn Ọbáńtokò: Ìyá wa, ǹjẹ́ ẹ ya àwọn kan sọ́tọ̀ tí ẹ kò fún ní omidùn? Bóyá ẹ̀ẹ̀rùn ló gbẹ ilẹ̀ ilé adìẹ yín.

Ìyá Ìbejì: Àárín òjò ni mo ń sọ. N kò ya ìkankan sọ́tọ̀, imú mi ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Aládìẹ Kútọ̀: Èmi ń lọ ata ilẹ̀ pupa àti ayù mọ́ oúnjẹ wọn nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n tó ọjà. Àwọn oníbàárà kan tilẹ̀ rò pé adìẹ ìbílẹ̀ ni mo ń tà.

Bàbá Kẹ́mta: Brọ́ílà tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ ni wọ́n pè ní adìẹ ìbílẹ̀? Àwọn oníbàárà yín mà rọrùn o. Ewúro ni kí ẹ fún wọn. Òun ni bàbá mi fi ń wo gbogbo àrùn adìẹ.

Ọlọ́sìn Ọbáńtokò: Gbogbo àrùn kọ́, Bàbá. Aládùúgbò mi gbọ́kàn lé omi ewúro, kò fún wọn ní àjẹsára Gumboro, àrùn náà sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ. Fáírọ́ọ̀sì ni Gumboro, kò sí ewé tó ń dí i lọ́nà. Bí ewúro bá sì korò jù, wọn kì í mu omi náà, brọ́ílà tí kò sì mu omi kò ní jẹun.

Bàbá Kẹ́mta: Adìẹ ìbílẹ̀ ni bàbá mi sìn.

Ọlọ́sìn Ìbàrà: Ìyá Ìbejì, ṣé omidùn ògì bàbà ni àbí ti ògì funfun?

Ìyá Ìbejì: Èyí tí wọ́n bá ń mu nílé yín ni.