Ìyá oníṣu fẹ́ máa kó owó ọjà fún mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń ṣe IT olóṣù mẹ́fà, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé ní ká lọ ṣe, ní báǹkì kan ní Adó-Èkìtì. Ọ̀sẹ̀ kìíní nìkan ni mo jókòó sí ọ́fíìsì. Láti ìgbà náà, Ọjà Ọba ni mo máa ń wà, tí mò ń ṣí àkáǹtì fún àwọn oníṣòwò. N kò kórìíra rẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí a ṣe ń ṣàlàyé BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì, fún ẹni tí kò kàwé.

Ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń ta iṣu ló ká mi lára. Nígbà tí mo ṣí àkáǹtì fún wọn tán, wọ́n na fóònù sí mi pé kí n bá wọn yan PIN, ojú wọn kò ríran dáadáa. Mo kọ̀. Mo ní kí ọmọ wọn bá wọn ṣe é. Wọ́n ní Èkó lọmọ wọn wà, pé ọmọ àwọn lèmi náà. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ máa kó owó ọjà fún mi lálaalẹ́ kí n bá wọn san án sí báǹkì. Ọ̀gá mi ní kí n gbà á, pé yóò kún owó tí ẹ̀ka wa ń wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí rìsíìtì kankan lọ́wọ́ mi tí mo lè já fún wọn.

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí owó bá dín, ọrùn ta ni yóò wà? Ọ̀gá yìí kan náà ló máa buwọ́ lu logbook mi, ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ IT mi sí.

Ẹ̀yin tó ti ṣiṣẹ́ báǹkì rí, báwo ni mo ṣe lè kọ̀ tí ìyá náà kò ní rò pé mo já wọn kulẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó wa láti ilé ìwé?