Prógráàmù ò ṣí mọ́ lẹ́yìn tí mo gbé Ubuntu bọ́ sí 22.04

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé Ubuntu wa (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà wa) kúrò ní ẹ̀yà 20.04 bọ́ sí 22.04, gbogbo ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ prógráàmù tá a fi ń ṣírò owó ọjà ní ṣọ́ọ̀bù ò ṣí mọ́, ohun tó ń kọ ni:

`error while loading shared libraries: libssl.so.1.1: cannot open shared object file`

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Èsì: Fáìlì libssl.so.1.1 yẹn ò bàjẹ́ o, wọ́n yọ ọ́ ni. Ara OpenSSL ló wà, ìyẹn àkójọ kóòdù táwọn prógráàmù fi ń dáàbò bo ìsọfúnni. OpenSSL 3 ló wà nínú 22.04, libssl.so.3 lorúkọ tiẹ̀. Ẹ tẹ `ldd` (àṣẹ tó ń to irú fáìlì bẹ́ẹ̀ tí prógráàmù nílò), kí ẹ kọ ibi tí prógráàmù náà wà tẹ̀lé e, ìlà tẹ́ ẹ bá ti rí "not found" lára ẹ̀ ni ìṣòro wà.

Èsì: Ṣé ò kúkú lè fi `ln -s` (àṣẹ tó ń fún fáìlì lórúkọ míì) sọ libssl.so.3 ní libssl.so.1.1 ni?

Èsì: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́! Orúkọ nìkan kọ́ ló yàtọ̀, inú ẹ̀ gan-an ti yí padà, prógráàmù yẹn á kàn tún sọ pé òun ò rí `OPENSSL_1_1_0`, ìyẹn àmì ẹ̀yà tó ń wá nínú fáìlì náà, ni. Ẹ gba prógráàmù tí wọ́n kọ́ fún 22.04 lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Àwọn kan máa ń lọ mú libssl1.1 ti 20.04 wá, ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti September 2023 ni OpenSSL ò ti tún 1.1.1, ẹ̀yà tí libssl1.1 yẹn ti wá, ṣe fún gbogbo ayé mọ́, ẹ má fi ṣọ́ owó.

Olùbéèrè: Mo tẹ `ldd`, libssl àti libcrypto (fáìlì OpenSSL kejì) ni ò sí. Mo ti pe àwọn tó ṣe prógráàmù náà, tuntun ti wà, mo ti ń dáńlóòdù ẹ̀. Ẹ ṣé gan-an.